Bí A Ṣe Ń Wo Kríkẹ́ẹ̀tì ní Ìlú Tó Jẹ́ ti Bọ́ọ̀lù

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 19 na New Zealand nínú ìdíje ife àgbáyé kríkẹ́ẹ̀tì ní ìlú Kuching, lórílẹ̀-èdè Malaysia. Rọ́ọ̀nù méjì péré ni wọ́n fi borí. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀ lórí fóònù, inú wa sì dùn bó ṣe máa ń dùn nígbàkigbà tí wọ́n bá dárúkọ Nàìjíríà sí rere. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dá àwa ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré ní Èkìtì dúró lọ́jọ́ náà, tó bi wá pé kí ni ìtumọ̀ "65 fún 6" tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán àwọn ọmọ náà, ọ̀pọ̀ wa ni yóò máa wo ojú ara wọn. A yọ̀ fún eré tí a kò wò. Ká ní wọ́n gbé e síwájú wa gan-an, a lè má mọ ibi tó yẹ kí a fi ojú sí.

Ibi tí à ń fi ojú sí yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí a ṣe ń gbá eré náà, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ eré ìdárayá.

Ojú bọ́ọ̀lù la fi ń wo gbogbo eré ní agbègbè wa. Lọ́sàn-án Sátidé, ẹ lọ sí ilé ìwòran kan nítòsí Yunifásítì Bamidele Olumilua ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ ó bá pátákó dúdú lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ Arsenal, Chelsea àti Manchester United sí, pẹ̀lú aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé, ẹni tó di rìmóòtù mú á máa tẹ̀ ẹ́ lọ láti orí bọ́ọ̀lù kan dé òmíràn. Tó bá kan ìkànnì SuperSport Cricket, kò ní dúró mí síbẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Bọ́ọ̀lù kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó: bó bá ti ń sún mọ́ àwọ̀n, gbogbo ilé ti dìde, títí kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ní ti kríkẹ́ẹ̀tì, èèyàn 11 tàn ká pápá, ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró gbagidi láìṣe ohunkóhun. Ẹnìkan sáré wá, ó ju bọ́ọ̀lù. Ẹlòmíràn fi bátì dá a dúró. Bọ́ọ̀lù yí lọ díẹ̀. Wọ́n rìn padà. Wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó ń wò á wá bi ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àti pé àwa tí à ń béèrè yìí kì í ṣe aláìmọ̀ọ́wò o. Ẹ wo ìdí ayò. Àlejò tó bá bá àwọn bàbá wa nídìí ọpọ́n ní Odò-Ọjà ní Ìkẹ́rẹ́ kò ní rí ju ọwọ́ lọ: ọwọ́ ń kó ọmọ ayò, ó ń fi wọ́n sí ihò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ihò 12, ọmọ ayò 48, ó tán. Àmọ́ àwọn tó pagbo yí wọn ká ti mọ̀ pé odù kan ń wú bọ̀ lápá ọ̀tún. Wọ́n ti kà á lójú, wọ́n mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí bí bàbá yìí bá fọwọ́ kàn án. Bí bàbá bá na ọwọ́ síhò náà tó tún fà á sẹ́yìn, gbogbo agbo á pariwo, àlejò kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Ìṣirò ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kríkẹ́ẹ̀tì rí, ìyẹn ni mo ṣe gbàgbọ́ pé ẹni tó bá ti lè jókòó ti ayò fún wákàtí kan kò ní ìdí kankan láti sá fún un.

Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó jókòó kò pọ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni, èèyàn 11 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kan á kọ́kọ́ gbá, á kó ìwọ̀n rọ́ọ̀nù tó bá lè kó. Lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀, èkejì á sì máa lé iye yẹn bá. Láàárín pápá ni ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 20, igi mẹ́ta sì wà lóòró ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Oníbátì méjì ló máa ń wà nínú pápá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú igi ìhín, ọ̀kan níwájú igi ọ̀hún. Bí ẹni tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí bá gbá a, tí àwọn méjèèjì sáré pààrọ̀ ipò kí bọ́ọ̀lù tó padà dé, rọ́ọ̀nù kan nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá yí dé ààlà pápá, ó di mẹ́rin láìsí pé ẹnikẹ́ni sáré. Bó bá fò kọjá ààlà láìkan ilẹ̀, mẹ́fà. Wọ́n lè lé oníbátì jáde bí bọ́ọ̀lù bá wó igi ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí bí ẹnìkan bá hán bọ́ọ̀lù tó gbá kó tó balẹ̀, tàbí bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù lu igi nígbà tó ṣì wà lórí eré. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ti jáde, ìgbá ẹgbẹ́ náà parí. "65 fún 6" túmọ̀ sí pé wọ́n kó rọ́ọ̀nù 65, èèyàn mẹ́fà sì ti jáde. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí ẹnìkan jù tẹ̀ léra ni ófà kan. Nínú T20, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 láti fa àwọn èèyàn padà wá sí pápá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ófà 20, ìyẹn bọ́ọ̀lù 120, gbogbo rẹ̀ sì máa ń gbà tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta tàbí kó lé díẹ̀.

Àwọn òfin yòókù pọ̀ bí irun orí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ LBW, níbi tí adájọ́ eré ti ń pinnu bóyá bọ́ọ̀lù tó lu ẹsẹ̀ oníbátì ì bá wó igi ká ní ẹsẹ̀ kò dí i lọ́nà, àwọn àgbà eré náà pàápàá ṣì ń jà lé e lórí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lóye rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kọ́ ni ẹ̀rù tó ń ba oníbátì. Agbábọ́ọ̀lù tó gbá pẹnárítì sókè á di orí mú, á sì tún máa gbá lọ. Ó lè gbá òmíràn wọlé kó tó di pé wọ́n fọn fèrè. Oníbátì kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó lè ti dúró fún wákàtí kan láìṣe àṣìṣe, kí ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí igi wó, kó di pé ó ń dá rìn jáde kúrò ní pápá lójú gbogbo èèyàn, tí ọjọ́ náà sì parí fún un nídìí bátì. Ẹ wò ó bí ẹ bá ti mọ èyí. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí "kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀" nínú rẹ̀ di èyí tí ẹnìkan bọ́ nínú ewu. Ẹni tó ń jù ú ń wá àṣìṣe kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gbá a kò gbọdọ̀ ṣe é, síbẹ̀ kò lè fara mọ́ igi rẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ títí, nítorí pé rọ́ọ̀nù kò ní wá fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti wọlé, mo sì fẹ́ fi ìdíje Kuching yẹn ṣàlàyé rẹ̀. Ilẹ̀ pápá tútù lọ́jọ́ náà, wọ́n dín eré náà kù sí ófà 13. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gbá. Lillian Udeh àti ọ̀gá ikọ̀, Lucky Piety, ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú rọ́ọ̀nù 65 náà. New Zealand nílò 66, wọ́n sì ní bọ́ọ̀lù 78 láti fi wá a. Ẹni tó mọ ìṣirò oníwèé mẹ́fà á ní, "Kò tiẹ̀ tó rọ́ọ̀nù kan fún bọ́ọ̀lù kan, wọ́n ti borí nìyẹn." Orí ìwé nìyẹn. Nínú pápá, gbogbo bọ́ọ̀lù tó kọjá láìsí rọ́ọ̀nù ń mú iye tí èyí tó kù gbọ́dọ̀ mú wá pọ̀ sí i. Bí ẹnìkan bá jáde, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ á fi bọ́ọ̀lù díẹ̀ mọ ojú ilẹ̀, ìyẹn náà ń jẹ nínú ohun tó kù. Nígbà tí ó di ófà ìkẹyìn, rọ́ọ̀nù 9 ni New Zealand ń wá nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mejì tí bọ́ọ̀lù bá dé ààlà, pẹ̀lú rọ́ọ̀nù kan, ó tó wọn. Lillian Udeh kan náà ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún. Rọ́ọ̀nù mẹ́fà péré ló jẹ́ kí wọ́n rí. 63 ni wọ́n parí sí.

Ẹ tún ka gbólóhùn márùn-ún tó kẹ́yìn yẹn, kí ẹ máa fojú inú wò ó ní bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan: 9 nínú mẹ́fà, lẹ́yìn náà ohun tó kù nínú márùn-ún, nínú mẹ́rin. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ máa wo nọ́ńbà méjì tó wà nísàlẹ̀ amóhùnmáwòrán, èyí tí wọ́n ń wá àti iye bọ́ọ̀lù tó kù, kí ẹ sì máa bi ara yín léèrè lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan pé ta ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí èèyàn wọlé nígbà tí ẹgbẹ́ kejì bá ń lé, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ìgbá àkọ́kọ́. Nínú ìgbá àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá 150 pọ̀ tàbí kò pọ̀. Àwọn tó ń gbá a gan-an kò mọ̀.

Bí ìṣirò bá ti mọ́ yín lára, ẹ wá gbé ojú lọ sára kípà, ẹni tó dúró lẹ́yìn igi. Bó bá jìnnà sẹ́yìn gan-an, bọ́ọ̀lù eléré ló ń bọ̀. Nínú eré àwọn ọkùnrin, bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù ní kìlómítà 140 ní wákàtí kan máa ń dé ọ̀dọ̀ oníbátì kó tó pé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí àyè àròjinlẹ̀. Ọwọ́ ló ń ronú. Bí kípà bá sún mọ́ igi títí tó fẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bọ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé eré, ìka ló fẹ́ fi yí i kó lè ṣẹ́rí bó bá balẹ̀. Irú èyí ló máa ń dà bíi pé ó rọrùn lójú ẹni tó ń wò, òun ló sì máa ń dójú ti oníbátì jù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí èèyàn kò sí nínú pápá. Ìwọ̀nba èèyàn ni wọ́n ní láti fi ká odindi pápá, nítorí náà àyè gbọ́dọ̀ ṣófo níbì kan, òfin sì tún dè wọ́n: nínú ófà mẹ́fà àkọ́kọ́ ti T20, ẹni méjì péré ló lè dúró níta òbìrí tí wọ́n fà sínú pápá. Bí ẹ bá rí i tí ọ̀gá ikọ̀ na ọwọ́ sí ẹnìkan pé kó sún sí ọ̀tún ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ó ti rí ohun tí oníbátì ń gbèrò, tàbí ó fẹ́ kí oníbátì rò pé òun kò rí i.

Irú eré tí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní pápá Tafawa Balewa Square ní Èkó, àwọn ọkùnrin Nàìjíríà kó rọ́ọ̀nù 271 lé Ivory Coast lórí, Selim Salau nìkan kó 112, wọ́n sì lé gbogbo Ivory Coast jáde nígbà tí àwọn yẹn kó rọ́ọ̀nù méje péré. Méje! Kò tíì sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kankan nínú T20 ọkùnrin ṣáájú ọjọ́ náà tí iye rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín fẹ́ràn kríkẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi ìyẹn hàn án. Ẹni tí wọ́n bá fi irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ mú wọlé á máa retí kí igi wó ní gbogbo ìgbà, kò sì ní ní sùúrù fún eré tó dọ́gba, nígbà tó jẹ́ pé inú èyí tó dọ́gba ni adùn wà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré àwọn ará Íńdíà lásán ni. Lọ́dún 1904 ni ikọ̀ Èkó ti bá ikọ̀ Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, díje nínú rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ló gbé e ró lẹ́yìn náà: King's College ní Èkó, Government College ní Ìbàdàn, Edo College ní Benin. Ìpínlẹ̀ Edo wà lára ibi tó ti rinlẹ̀ jù ní Nàìjíríà títí di òní, pápá kan fún un sì wà nínú Yunifásítì Benin. Ẹni tó bá kúrò ní Ìkẹ́rẹ́, tó gba Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀, á ti dé Benin kí ẹni tó forí lé Èkó tó dé ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ àwa àti Benin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìtàn Ìkẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ọdẹ tó ti ọ̀hún wá ni Ògògà àkọ́kọ́, ìyẹn ọba ìlú náà; iléeṣẹ́ tó pín iná mọ̀nàmọ́ná fún Èkìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún náà, Benin ni olú ilé rẹ̀ wà. Ọba àti iná rí ọ̀nà wá. Kríkẹ́ẹ̀tì kò tíì wá.

N kò rò pé àwámáàrídìí ni ìdí rẹ̀. Ọmọ tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà àti òkúta mẹ́rin ti ní pápá bọ́ọ̀lù, òkúta kò sì wọ́n lábẹ́ òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Kríkẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú tí wọ́n ti rọ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, bátì, ìbòsẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti akoto, torí awọ ni wọ́n fi bo bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó sì le tó ohun tó lè fọ́ eyín. Ilé ẹ̀kọ́ tó rí owó gbé e kalẹ̀ ló gbé e kalẹ̀. Òǹwòran kò nílò ìkankan nínú àwọn ẹrù yìí, àǹfààní tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹnìkan lè ní a kò ní sùúrù fún wákàtí mẹ́ta. Àwa tí à ń wo ayẹyẹ ìwúyè láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀? A sì mọ eré tó kúrú wò náà. Pápá ìṣeré tó tóbi jù ní Adó-Èkìtì ń jẹ́ orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé, ọmọ Èkìtì tó wà nínú ikọ̀ tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìje alọ́pàá 4x100 ní Barcelona lọ́dún 1992. Ìṣẹ́jú àáyá 37.98 ni gbogbo rẹ̀ gbà. A kọ́ bí a ṣe ń wo ìyẹn náà: ẹni tó mọ̀ ọ́n wò kì í wo ẹsẹ̀ nìkan, ibi tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn ló ń wò, nítorí ibẹ̀ ni eré ti máa ń bàjẹ́. Ojú tó lè rí ọwọ́ méjì tó pàdé lórí eré burúkú bẹ́ẹ̀ lè rí kípà tó sún síwájú ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

Ẹlẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n wò ṣe pàtàkì ju ìwé lọ. Ó lè jẹ́ ọmọ yín tó lọ sin ìjọba ní Edo, tàbí ẹ̀gbọ́n tó wá sinmi láti London; àwọn ará wa tó kún Peckham, pápá kríkẹ́ẹ̀tì The Oval kò jìnnà sí wọn, kò sì sí bí wọn kò ṣe ní mọ ẹni tó ń lọ síbẹ̀. Ẹ ní kó jókòó tì yín, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un pé kó má ṣàlàyé títí ẹ ó fi béèrè. Àlàyé àsọjù ni ó máa ń pa eré fún ẹni tuntun. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ẹ yan ẹgbẹ́ kan kí ẹ tó jókòó, kódà bó jẹ́ pé àwọ̀ aṣọ wọn lẹ fẹ́ràn. Ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni kò lè bẹ̀rù, ẹni tí kò bẹ̀rù kò sì ní rí nǹkan kan nínú kríkẹ́ẹ̀tì. Ti ọlọ́jọ́ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Test, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Èmi gan-an kì í wo ju ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ lọ.

Ìdíje IPL ti ilẹ̀ Íńdíà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, ni mo máa ń dá lábàá fún ẹni tó fẹ́ gbìyànjú. Ó máa ń bọ́ sí àárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún. Èyí tí wọ́n ń gbá ní aago méje ààbọ̀ alẹ́ lọ́hùn-ún, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, ìgbá kejì á sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aago márùn-ún bá ń lọ lù. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé ìwòran máa ń ṣófo lásìkò yẹn, Champions League di alẹ́. Ẹni mẹ́ta tó bá dá owó jọ lè bẹ onílé kó fún wọn ní rìmóòtù títí di aago mẹ́fà ààbọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jókòó tì wọ́n bí owó bá ti wọ àpò rẹ̀.